Fi Àtàǹpàkò Dí Ihò Púlọ́ọ̀gì

Prince Albert, Saskatchewan, Kánádà
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Àsàlámù aléékùm. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá, ẹ kú ìfaradà ariwo Ìdí Òro. Ṣé Màámi wà dáadáa? Ṣé eékún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Ẹ bá mi kí Sìdíkàt, àbúrò mi àtàtà, tó ń ya fọ́tò ìwé yín ránṣẹ́ sí mi, tó sì ń ka tèmi sí yín létí. Mo mọ̀ pé etí yín kò gba ọ̀rọ̀ fóònù mọ́ nítorí ariwo ẹ́ńjìnì tí ẹ ti ń gbọ́ láti ìgbà èwe yín. Ìwé ló yẹ wá.

Bàbá, ẹ́ńjìnì kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Lọ́dún tó kọjá ni mo ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan tó ti kú sí àgbàlá àgbẹ̀ kan níbí, irú èyí tí àwọn tó lọ ṣe fàájì ń gùn lórí iyanrìn létí òkun ní Lẹ́kí. Túsítírókù ni, òróró la ń pò mọ́ epo rẹ̀, bíi ti àwọn ọ̀kadà àtijọ́ tí ẹ fi kọ́ mi níṣẹ́. Èrò mi ni pé kí n so irin pẹlẹbẹ mọ́ iwájú rẹ̀, kí n máa fi gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà àwọn ará àdúgbò. Òun ni mo fẹ́ máa fi jẹun báyìí. Mo ti kúrò ní ilé iṣẹ́ ẹran tí mo wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín lọ́jọ́ mìíràn.

Mo tú ẹ́ńjìnì náà palẹ̀. Mo pààrọ̀ pístìnì, mo pààrọ̀ ríìngì, mo fọ sílíńdà, mo fi gáásíkẹ́ẹ̀tì tuntun dí àlàfo abẹ́ orí rẹ̀, mo sì dè é padà. Kò jí. Kíkì rẹ̀ rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Kọ́mpúréṣọ̀n, ìyẹn atẹ́gùn tó yẹ kó máa dì nínú rẹ̀ nígbà tí pístìnì bá gòkè, kò tó nǹkan. Mo fi gáàjì wọ̀n ọ́n, àádọ́rin ló kà, ó sì yẹ kó lé ní ọgọ́fà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó? Òtútù ti ń bọ̀ níbí, bí kò bá jí kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ohun tí màá ṣe.

Ọmọ yín,
Rilwan


Ìdí Òro, Mushin
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kẹsàn-án

Rilwan Àlàó, ọmọ mi,

Wa aléékù sàlámù. Mo jẹ́ ìkíni rẹ, Ọlọ́hun á dá ọ sí fún wa. Eékún ìyá rẹ ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ṣú. Sìdíkàt ní kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n kí o rántí bàtà tí o ṣèlérí.

Kí n tó dé orí ẹ́ńjìnì, mo ní ẹjọ́ lẹ́nu. Tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ara rẹ lo fi ń kọ̀wé sí mi, mo sì mọ bí o ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà rẹ gùn. Lẹ́yìn Iléyá, títẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dà, bí ìwé tí lọ́yà onílé fi ń lé ayálégbé. Ìyá rẹ ní o kì í jẹ́ kí òun rí ọ lórí fóònù mọ́, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni o máa ń dá lẹ́bi. Ṣé Kánádà ló wá kù tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa? O tún fi iṣẹ́ sílẹ̀, o ní ó di ọjọ́ mìíràn kí n tó gbọ́ ìdí. Ó dáa, mi ò bi ọ́. Àmọ́ ó ń jẹ mí lọ́kàn.

Ó yá, ẹ́ńjìnì. Ta ló kọ́ ọ pé gáàjì la kọ́kọ́ ń gbé? Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gáàjì rẹ ni aṣọ, àtàǹpàkò ni àkísà. Kí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ ọ nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Yọ púlọ́ọ̀gì. Fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún dí ihò rẹ̀ pinpin. Ta kíkì. Bí ó bá ti àtàǹpàkò rẹ dànù, ẹ́ńjìnì yè. Bí ó bá kàn mí fẹ́ẹ́ sí ọ lọ́wọ́, ó ń jò. Gáàjì á sọ iye fún ọ, kò ní sọ irú jíjò tó ń jò. Àtàǹpàkò á sọ fún ọ bóyá ó kọ́kọ́ tì ọ́ kó tó dẹ̀, àbí kò tilẹ̀ tì ọ́ rárá. Àìsàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, da òróró bíi ṣíbí kékeré kan sínú ihò yẹn kí o tún ta á. Bí ó bá le sí i, ríìngì ni. Bí kò bá yí padà, gbójú sókè, orí rẹ̀ ló ń jò. Kọ̀wé sí mi bí àtàǹpàkò rẹ bá ṣe gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbí mọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò lójú títì, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló kù fún wa, iná oòrùn orí òrùlé sì ti ń gba ìyẹn náà. Nínú gbogbo àwọn tó gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ mi, Teslim nìkan ló dúró tì mí. Ojú mi ò rí ẹnu púlọ́ọ̀gì dáadáa mọ́. Ọ̀kadà rẹ ṣì wà ní kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbi tí o gbé e sí, mo fi tapólì bò ó, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú bóòtù kan lára rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè rẹ̀, mo máa ń sọ pé onílé rẹ̀ ń bọ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo ń dúró dè, Àlàó. Bí ọwọ́ rẹ bá ti dé inú ṣọ́ọ̀bù yìí, èmi á gbé àga síta, màá máa wo èrò ọ̀nà.

Bàbá rẹ,
Àmúsà


Prince Albert
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú ìtọ́jú Màámi. Bàtà Sìdíkàt ti wà nílẹ̀, ẹni tí yóò bá mi gbé e wá ni mò ń wá.

Ẹ má bínú nípa ìwé títẹ̀. Ó yá ju kíkọ lọ, bí wọ́n sì ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn. Màámi á rí mi láìpẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé wa ni kò dúró sójú kan.

Mo da òróró sí i bí ẹ ṣe wí. Àádọ́rin náà ló ṣì ń kà, kò kúrò níbẹ̀. Nítorí náà mo gbà pé kì í ṣe ríìngì. Ní ti àtàǹpàkò, òtútù ti wọlé níbí, ìka máa ń kú, èèyàn kì í mọ ohun tó ń tì í. Gáàjì mi dára, Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lo ohun tó kà. Kí ló kàn lẹ́yìn òróró?

Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà tó wà ní kọ̀rọ̀ yẹn, bí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ bá jẹ́ èèyàn gidi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún un. Ó ti pẹ́ jù nílẹ̀.

Ọmọ yín,
Rilwan


Ìdí Òro
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹwàá

Rilwan,

Mo kí ọ. Gbogbo wa wà.

Inú ń bí mi, mi ò ní fi bò. Mo bi ọ́ léèrè àtàǹpàkò, o fi gáàjì dá mi lóhùn. Èmi tí mo fi àtàǹpàkò jí ẹ́ńjìnì nígbà ọyẹ́, nígbà òjò, tí mo fi jí tàwọn apẹja tí omi Ìjọra ti wọ̀, ìwọ ń sọ òtútù fún mi. Ìka kú, kí ló dé tí o ò ki ọwọ́ bọ abíyá kó gbóná? Àbí yìnyín ìlú yín ti gé àtàǹpàkò rẹ jẹ ni?

Ìgbà tí o tún wá ní kí n gbé ọ̀kadà rẹ fún èèyàn gidi, mo ní kí Sìdíkàt tún un kà, bóyá etí mi ni. Ṣé o ò fẹ́ padà wálé mọ́ ni? Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnu ni kí o fi sọ ọ́. Àjò ò lè dùn dùn dùn kí onílé má relé. Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí, kò ní fẹ́ kí n bá ọ jà.

Ohun tó kàn ni ọṣẹ. Po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, fi búrọ́ọ̀ṣì pa á yí orí ẹ́ńjìnì ká, níbi tí orí ti pàdé sílíńdà. Dá púlọ́ọ̀gì padà, kí o ta kíkì. Ibi tó bá ti ń yọ ìfófòó ni atẹ́gùn ti ń sá. Sọ ẹ̀gbẹ́ tó jẹ́ fún mi, má sọ iye.

Bàbá rẹ,
Àmúsà


Ìdí Òro
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Àlàó, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Ìwé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ, Sìdíkàt fi àmì hàn mí lórí fóònù pé o ti kà á. O ò fèsì. Ìyá rẹ wá mọ̀ pé mo bá ọ jà, ó ti gbé oúnjẹ kúrò níwájú mi lẹ́ẹ̀mejì.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ le jù, fi mọ́ ìṣe mi. O mọ̀ mí, o mọ̀ pé bí mi ò bá bá ọmọ iṣẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, mi ò fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Mi ò bi ọ́ léèrè ẹ́ńjìnì mọ́, ẹ́ńjìnì lè jókòó. Kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí wa pé o wà láàyè.

Bàbá rẹ


Prince Albert
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kọkànlá

Bàbá mi, Màámi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo wà láàyè. Ẹ forí jì mí pé mo dákẹ́.

Ẹ rí i pé ìwé yìí kì í ṣe títẹ̀, ẹ sì rí i pé kò jọ ìwé mi. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ ojú ewé kan tó ṣeé kà. Bàbá, ẹ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ jẹ́ kí n kọ òótọ́.

Kété lẹ́yìn Iléyá, ní ilé iṣẹ́ ẹran yẹn, ẹ̀rọ tó ń gé egungun fa ìbọ̀wọ́ mi wọlé. Ó gé àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi láti ìdí, ó sì mú díẹ̀ nínú ìka tó tẹ̀ lé e. Àwọn dókítà ní kò ṣeé so padà. Abọ́dúndé, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a jọ ń gbé, ló jókòó tì mí nílé ìwòsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun látìgbà náà. Ojú egbò ti jiná, kò ro mí mọ́ àyàfi bí òtútù bá mú.

Mi ò sọ fún yín nítorí pé ọwọ́ yẹn gan-an lẹ ń dúró dè. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọwọ́ mi ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ojú máa ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo gbé e sọnù. Mi ò lè jẹ́ kí Màámi rí mi lórí fóònù, nítorí ọwọ́ náà ni mo máa ń gbé sókè kí wọn láìmọ̀. Nígbà tí ẹ bi mí bóyá yìnyín ti gé àtàǹpàkò mi jẹ, mo ti fóònù bọ àpò. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Síbẹ̀ mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan kọ.

Mo pa ọṣẹ náà. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan ló ń yọ ìfófòó. Bàbá, mo ti mọ̀ kí n tó kọ̀wé àkọ́kọ́ sí yín. Ọwọ́ òsì ni mo fi de nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnì náà, àwọn tó wà lápá ọ̀tún ni agbára mi ò dé. Mo kàn ń bi yín bóyá ẹ máa sọ fún mi pé nǹkan mìíràn ni.

Kódà bó bá jí, mi ò lè gùn ún. Kò rí bí ọ̀kadà. Irin kékeré kan ló wà lápá ọ̀tún tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì kí ẹ́ńjìnì tó gba iná, kó lè sáré. Mo ti ń wo irin yẹn láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé ìwòsàn, mo sì ń tún ẹ́ńjìnì ṣe lọ. Ẹ má bi mí ìdí.

Ẹ wá ẹlòmíràn sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Òun nìkan ló kù sí mi lára tó ṣeé júwe nǹkan, ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹ ìwé. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ òsì kọ̀wé sí yín.

Ọmọ yín,
Rilwan


Ìdí Òro
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejìlá

Rilwan Àlàó, ọmọ mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́,

O kú ewu. Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí a rí irú rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà Iléyá ló yẹ kí a ti kí ọ ní ìkíni yìí, kí ìyá rẹ ti se sàárà, kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí ti bá wa dúpẹ́ ẹ̀mí rẹ. A ti ṣe é báyìí, ní Jímọ̀ tó kọjá. Kò sí ẹni tó béèrè ìdí tó fi pẹ́.

Sìdíkàt ló ń ka ìwé rẹ. Nígbà tó dé ibi ẹ̀rọ, ó dojú fóònù délẹ̀. Ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, kò fún wa mọ́ títí tó fi sunkún tán. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni pé ta ló ń bá ọ de bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ nínú òtútù yẹn. Mo jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó ti ọ̀kadà rẹ, mo sunkún níbẹ̀. Teslim rí mi, ó sì fa ilẹ̀kùn dé kí àwọn èèyàn má baà wọlé. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Mo ti ń ro ó látìgbà náà, mi ò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìka tìrẹ ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìnyín tí mo sọ yẹn, ẹyin ni, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bẹ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Teslim gé tíùbù táyà, kó fi di àtàǹpàkò ọ̀tún mi mọ́ àtẹ́lẹwọ́ pinpin. Mo tú orí jẹnẹrétọ̀ kan, mo ní màá dè é padà bẹ́ẹ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi títí ó fi sú àwọn ará ìta láti máa wò. Ọ̀sán ti pọ́n kí n tó rí àṣìṣe mi, tìrẹ náà sì ni. A dúró sójú kan, a ń na ọwọ́ òsì lọ bá nọ́ọ̀tì tó jìnnà. Má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ lọ bá nọ́ọ̀tì, ìwọ ni kí o yí ẹ̀rọ ká. Nọ́ọ̀tì tí o bá fẹ́ dè, lọ dúró ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí yóò fi bọ́ sábẹ́ èjìká òsì rẹ, kí o wá fi ara fà á. De ọ̀kan, kí o yí lọ sí èyí tó dojú kọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo wọn jọ le. Kí o tó ṣe bẹ́ẹ̀, da gáásíkẹ́ẹ̀tì yẹn nù, ó ti jó, kí o sì tẹ́ sàǹdípépà lórí gíláàsì, kí o máa ha abẹ́ orí ẹ́ńjìnì lórí rẹ̀ títí yóò fi tẹ́. Bí mo ṣe yí tèmi ká nìyẹn, ó sì le. Mo fi àtàǹpàkò òsì dí ihò rẹ̀, ó tì í dànù.

Ní ti irin tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tì, àwọn tó ṣe é kò mọ ọ̀kadà ni. Àtẹ́lẹwọ́ la fi ń yí iná ọ̀kadà, kò nílò àtàǹpàkò. Mo ká tapólì kúrò lára ọ̀kadà rẹ. Mo yọ ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún tí a fi ń yí iná, tòun ti wáyà rẹ̀. Teslim ní kí a lọ ra tuntun ní ọjà Ládípọ̀, mo ní rárá, èyí ni ọwọ́ rẹ mọ̀. Jọmílójú, ọmọ ìyá onígáàsì ẹ̀gbẹ́ wa, ń bọ̀ wá kàwé ní ọ̀hún lóṣù tó ń bọ̀, inú àpò rẹ̀ ni yóò wà. Dè é mọ́ ẹ̀rọ rẹ. Bí wáyà rẹ̀ bá kúrú, wá gígùn níbẹ̀.

Mo ti sọ fún Teslim pé kó máa yọ ohun tó bá wúlò lára èyí tó kù. Kò sí ẹni tí mo tún ń sọ fún pé onílé rẹ̀ ń bọ̀. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò dùn mí. Àga tí mo ní màá gbé síta, mo gbé e padà sínú.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà sọ nípa ọwọ́ òsì, òótọ́ ni. Àgbà lèmi náà, ilé mi sì ni wọ́n ń wí. Fi òsì júwe rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́, kí o sì yọjú sí ìyá rẹ lórí fóònù, kó rí ọwọ́ náà, kó lè sùn.

Bí o bá dè é tán, fi àtàǹpàkò òsì dí ihò púlọ́ọ̀gì, kí Abọ́dúndé bá ọ ta kíkì, kí o sì fi ọwọ́ yẹn náà kọ ọ́ sí mi bó ṣe tì ọ́. Bí ìwé mi yìí bá rí wúruwùru, má bínú. Tíùbù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìyá rẹ ní kí n tú u, mo ní ó di ìgbà tí o bá fèsì.

Bàbá rẹ,
Àmúsà